Etí Adéníran

Ní àgbàlá àwọn atẹ̀wé tí Adéníran ti kọ́ṣẹ́ ní Ṣómólú, ojú ni wọ́n fi ń gbọ́rọ̀. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bíi mélòó kan ló wà lábẹ́ òrùlé páànù kan ṣoṣo, jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ilé, ẹ̀rọ tó ń gé bébà ń han nítòsí. Kí èèyàn pariwo títí ọ̀fun rẹ̀ á fi bó, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní gbọ́ ju "háà" lọ. Nítorí náà, ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ṣẹ́, ohun tí ọ̀gá máa kọ́kọ́ kọ́ ọ ni bí wọ́n ṣe ń wo ètè. Ọ̀gá á dúró lókèèrè, á máa la ẹnu láìjẹ́ kí ohùn jáde, á ní kó lọ gbé íǹkì pupa wá. Ọmọ tó bá gbé dúdú wá á gba ìkó lórí. Kò ní pẹ́ tí ọmọ náà á fi máa rí èébú láti òdìkejì àgbàlá, tí òun náà á sì máa fi ètè dá a padà.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, gbogbo Yorùbá ló ń sọ ọ́. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú kàn gbà á gbọ́ ju àwọn yòókù lọ ni. Ìdí nìyí tí kò fi sẹ́ni tó mọ̀ nígbà tí etí Adéníran bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ká ní báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́ ni, wọn ì bá ti tètè ní kó lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n ní ibi tí gbogbo èèyàn ti ń wo ara wọn lẹ́nu, ta ni yóò mọ adití?

Adéníran ló dá ẹgbẹ́ olórin tí wọ́n ń pè ní Ojú Sánmà sílẹ̀. Mẹ́ta péré ni wọ́n. Òun ló ń ta gìtá. Japhet, ọmọkùnrin gíga kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ló ń lu ìlù. Rọ̀kíbátù ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, òun náà ló sì ń kọrin. Àbúrò Ràmọ́nù ni Rọ̀kíbátù, Ràmọ́nù yìí sì ni ọ̀gá tó kọ́ Adéníran níṣẹ́ ìtẹ̀wé. Yàrá kan tí kò ní fèrèsé lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé náà ní Abúlé Òkúta, níbi tí wọ́n ń kó bébà sí tẹ́lẹ̀, ni Ràmọ́nù fún wọn láti máa fi ṣe ìdánrawò.

Orin wọn kì í ṣe èyí tí èèyàn ń jó sí níbi ìkómọ. Ìyá Adéníran, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé, gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì béèrè bóyá nǹkan ló bàjẹ́ lára ẹ̀rọ. Orin tó ń gbé èèyàn kúrò nílẹ̀ ni. Ohùn gìtá á gba inú àpótí kékeré kan tí Adéníran ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, á jáde ní ìlọ́po ìlọ́po, á máa lé ara rẹ̀ kiri. Kíbọ́ọ̀dù á máa fẹ́ yẹ́ẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ìlù á máa lọ ní tirẹ̀ láìkánjú, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ nílé. Bí o bá dijú, wàá rò pé o ti kúrò ní Abúlé Òkúta, pé o ti kọjá òṣùpá, kò sì ní wù ọ́ kó o padà.

Ohùn Rọ̀kíbátù ni adùn rẹ̀. Tín-ín-rín ni, ó mọ́ bí omi àmù. Nínú àwo orin wọn àkọ́kọ́, ìparí gbogbo orin ni Rọ̀kíbátù máa ń gbé ohùn lọ sókè, á gun òkè títí tí àwọn tó ń gbọ́ ọ á fi máa fura pé yóò já, kò sì ní já, ibẹ̀ ni á dúró sí. Àwọn ọmọ yunifásítì máa ń wá láti Àkọkà torí ibẹ̀ yẹn nìkan. Ibẹ̀ yẹn gan-an sì ni etí Adéníran ti kọ́kọ́ kùnà.

Níbi ìdánrawò ni. Ó rí i tí Rọ̀kíbátù la ẹnu, tí iṣan ọrùn rẹ̀ le, tí ojú rẹ̀ sì ń wo òrùlé, kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ó rò pé ó ń ṣeré ni. Nígbà tí wọ́n dúró, ó bi í pé kí ló dé tí kò kọ apá ìparí. Rọ̀kíbátù wo Japhet, ó wo Adéníran padà, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ tán ni. Adéníran bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun kàn ń dán an wò ni. Àwọn náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọ inú rẹ̀, kò sì jáde mọ́.

Ó lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Onípànù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà obìnrin tó rí níbẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní ariwo ló ń pa á létí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sípíkà ló ń parí rẹ̀. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, ṣùgbọ́n èyí tó kù ṣì lè kù, bí Adéníran bá lè jìnnà sí ariwo, tó sì gbà láti lo ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀. Adéníran dúpẹ́, ó jáde, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Adéníran fi tirẹ̀ sórí òrùlé, ó fi gìtá ṣe ìrọ̀rí, ó sùn.

Kí ló dé tí kò sọ? Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á, kò sí àlàyé méjì. Nínú àgbàlá yẹn, etí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, Ràmọ́nù máa ń pè é wá síwájú ẹ̀rọ tó bá ń ṣe ségesège, á ní kó tẹ́tí sí i, Adéníran á sì sọ ibi tí nọ́ọ̀tì ti tú. Bí wọ́n bá gbọ́ pé etí yẹn ti kú, kí ló kù tí wọ́n á máa fi pè é? Ó tún mọ̀ pé atagìtá kì í ṣọ̀wọ́n ní Bàrígà. Wọ́n á bá a kẹ́dùn dáadáa, wọ́n á sì wá ẹlòmíràn. Bó bá kúrò nínú Ojú Sánmà, ó dá a lójú pé òun á di ẹni tó ń gé bébà títí tí òun á fi kú.

Ohun tó wá ń ṣe ni pé ó ń yọ gbogbo ohun tí kò bá lè gbọ́ mọ́ kúrò nínú orin. Agogo ara ìlù Japhet ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ó ní kí Japhet kó àwọn àwo irin kúrò lára ìlù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kan ohùn Rọ̀kíbátù. Ó ní kó sọ ọ́ sílẹ̀, kó máa fi àyà kọrin, ó ní ojú sánmà kò ní òkè, ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Rọ̀kíbátù ní ọ̀fun ń dun òun bí òun bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní ṣe ló dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń gba ẹnu òun kọrin. Ṣùgbọ́n ó gbà. Ó gbà torí pé Adéníran ló sọ ọ́, ó sì gbà pé etí Adéníran ti dé ibi tí tiwọn ò tíì dé.

Báyìí ni orin wọn ṣe ń yí padà. Àwo kejì jáde, ó wúwo, ó rọra ń wọ́ lọ. Ẹ̀kẹta tún sọ̀ kalẹ̀ jù ú lọ, kìkì ohùn tó ń kùn nínú ikùn èèyàn, bí ìgbà tí wọ́n ń yí ọlọ ńlá. Inú ayé bá dùn sí i. Ọkùnrin kan ní òkè òkun kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ ayélujára pé Ojú Sánmà ti fi òṣùpá sílẹ̀, wọ́n ti dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ kankan ò lè dé. Ọlọ́gbọ́n ni ọkùnrin náà. Ibi tí wọ́n dé ló mọ̀, kò kàn mọ ohun tó gbé wọn débẹ̀ ni.

Adéníran ti mọ bó ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n bá ń ṣeré, èjìká Japhet ló ń wò kó lè mọ ibi tí ìlù dé. Á bọ́ bàtà, kí pátákó lè máa sọ fún un láti àtẹ́lẹsẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ nínú yàrá tí kò ní fèrèsé yẹn, á sáré tan iná fóònù sójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń bẹ̀rù òkùnkùn, ó sì gbà pé lóòótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tí ojú rẹ̀ kò bá bá, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó ti fi bẹ́ẹ̀ ni yìí rí ọ̀ràn rí. Ó dá Japhet lóhùn bẹ́ẹ̀ ni lọ́jọ́ kan, nígbà tó di ọjọ́ Sunday, ó gbọ́ pé òun ni alága ìkórè. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Òun náà rín in.

Japhet ló mú àbá òkùnkùn wá. Ó ní kí wọ́n gba gbọ̀ngàn kan ní Bàrígà lọ́sàn-án, kí wọ́n fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé, kí wọ́n má tan iná kankan, kí àwọn èèyàn jókòó sínú òkùnkùn kí wọ́n gbọ́ àwo kẹta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Adéníran rí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní rárá, ó ní wọ́n máa ṣe ara wọn léṣe. Rọ̀kíbátù bá dì í lápá mú.

"Níran, ìwọ lo mú wa wá sínú òkùnkùn yìí," ó ní. "Ó yá, jẹ́ ká wọ inú ẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́. Níparí, jẹ́ kí n gun òkè bíi tàtijọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ó pẹ́ tí inú Rọ̀kíbátù ti dùn tó bẹ́ẹ̀. Adéníran wò ó, ó sì rántí ohùn náà bó ṣe rí nígbà tí òun ṣì ń gbọ́ ọ. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mọ ohun tí òun ń dáhùn sí.

Bí kò bá ní rí èjìká Japhet, ilẹ̀ nìkan ló kù tó lè bá a sọ̀rọ̀, ilẹ̀ kì í sì í sọ̀rọ̀ láìsí ohùn ìsàlẹ̀. Ó bá lọ háyà àwọn sípíkà ńlá, àwọn bọ́kìsì onígi tó jẹ́ pé géńdé méjì ló ń gbé ẹyọ kan. Nígbà tí wọ́n kó wọn dé, ó ní wọn ò tíì tó, ó tún ní kí wọ́n kó sí i wá. Orí pèpéle kò fẹ̀, nítorí náà wọ́n tò wọ́n léra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù Rọ̀kíbátù títí tí wọ́n fi ga ju Japhet lọ. Japhet mú okùn tí wọ́n máa fi so wọ́n wá.

Adéníran wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn àwọn bọ́kìsì náà, ó ń so wáyà, nígbà tí ọwọ́ kan kàn án léjìká. Ó yíjú padà. Japhet ló ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ń parí lẹ́nu rẹ̀ kí ojú Adéníran tó débẹ̀. Ó rí i pé ó ń dúró de èsì.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Adéníran ní, ó sì rẹ́rìn-ín.

Japhet mi orí, ó lọ síbi ìlù rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún èrò, gbọ̀ngàn sì kún.

Nígbà tí òkùnkùn ṣú, Adéníran kò mọ̀ bóyá ojú òun là tàbí ó dì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí pátákó láìwọ bàtà. Ìlù bẹ̀rẹ̀, ó bá a láti àtẹ́lẹsẹ̀, ó gba orúnkún rẹ̀ gòkè, ó sì mọ ibi tí wọ́n wà. Ó ta gìtá. Ilẹ̀ ń dáhùn. Ẹ̀rù tó ti ń gbé inú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó ń rò ó pé, ṣé ìwọ náà rí i, o lè máa bá a lọ báyìí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Orin ń lọ, ó ti ń sún mọ́ ìparí, ibi tí Rọ̀kíbátù máa gùn.

Níbẹ̀ ni pátákó fò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbì. Ó rò pé Japhet ló lu ìlù ńlá, torí wọ́n ti fẹnu kò sí i pé ibẹ̀ ni ìlù máa ti dún bí ìgbà tí ìràwọ̀ bẹ́. Ó tẹ àpótí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé òpin, ó sì jẹ́ kí gìtá ké bó ṣe lè ké tó. Ilẹ̀ ń mì sí i, kì í ṣe bí ìlù, bí ibi tí ẹsẹ̀ pọ̀ sí. Ó rò pé àwọn èrò ti dìde nìyẹn, wọ́n ń jó. Nígbà tó ṣe díẹ̀, iná fóònù kan tàn nínú òkùnkùn níwájú rẹ̀, òmíràn tàn, kò pẹ́ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi kún fún iná wínníwínní. Wọ́n dà bí ìràwọ̀. Ọkàn rẹ̀ kún. Ó dijú, omi gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń ta á lọ. Láti ìgbà tó ti ń ta gìtá, kò ta á tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹnì kan já wáyà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó lajú.

Bọ́kìsì tí kò sẹ́ni tó so ló já wálẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ tí Adéníran fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ló ń mì wọ́n lórí ara wọn, wọ́n ń sún díẹ̀ díẹ̀ títí wọ́n fi ya lu ẹsẹ̀ Rọ̀kíbátù, ní àkókò tó ń mí sínú láti gbé ohùn sókè. Nígbà tó kọ́kọ́ ké, àwọn èèyàn rò pé orin ni, àwọn kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ń pe Níran, torí Níran ló sún mọ́ ọn jù lọ, ìwọ̀n apá méjì kò sí láàárín wọn. Ó pè é títí. Japhet fi ìlù sílẹ̀, ó ń táràrà bọ̀ nínú òkùnkùn. Àwọn ọkùnrin kan gun orí pèpéle, wọ́n gbé bọ́kìsì sókè, Japhet ń pariwo pé kí wọ́n tì í sọ́dọ̀ ògiri, ṣùgbọ́n gìtá gbé ohùn rẹ̀ mì. Àwọn kan tì, àwọn kan fà, bọ́kìsì sì bọ́ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, sórí ẹsẹ̀ kan náà. Dókítà sọ lẹ́yìn náà pé ìgbà àkọ́kọ́ dá egungun, àwọn ì bá lè tò ó. Ìgbà kejì ló ba ẹsẹ̀ náà jẹ́. Wọ́n gé e ní orúnkún.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, Japhet dúró níwájú Adéníran, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó rọra sọ̀rọ̀, kò sì sí èyí tí ojú Adéníran kò bá nínú rẹ̀.

"Níran, mo bi ẹ́. Mo ní ṣó o ti so àwọn bọ́kìsì yẹn. O ní bẹ́ẹ̀ ni."

Kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ní àgbàlá ìtẹ̀wé, Adéníran ń rí ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ láti òdìkejì, torí ètè kì í gbàgbé pé wọ́n lè rí òun, ẹni tó ni ín ló ń gbàgbé. Wọ́n ní okìkí ló ń pa á. Wọ́n ní ó gbọ́ igbe ọmọ ọlọ́mọ, kò fẹ́ kí orin òun dúró.

Ó pinnu pé òun á sọ ọ́. Gbogbo ọ̀nà láti Abúlé Òkúta dé ilé ìwòsàn ló ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Nígbà tó wọlé, Ràmọ́nù wà lórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Rọ̀kíbátù dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn tí wọ́n tì mọ́ ògiri, ó kọjú sí ògiri. Aṣọ tí wọ́n fi bò ó tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ kan wà. Adéníran ò lè wò ó. Ó dúró, ó ń wá bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀, ló bá rí i tí èjìká Rọ̀kíbátù mì. Ó ti sọ nǹkan. Kó tó ronú, ahọ́n rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ràmọ́nù dìde. Ó wojú Adéníran, ó la ẹnu, kò fi ohùn sí i, bó ṣe máa ń ṣe nínú àgbàlá nígbà tí Adéníran ṣì jẹ́ ọmọ iṣẹ́, kí àbúrò rẹ̀ má bàa gbọ́.

"Ó ní ṣé o gbọ́ òun nígbà tí òun ń pè ẹ́. Jáde kúrò níwájú mi."

"Ọ̀gá, mi ò gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ báyìí náà. Etí mi ti kú, ó ti pẹ́. Ẹnu yín ni mò ń wò."

Ràmọ́nù kọ ẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí ilẹ̀kùn, ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá yíjú padà.

"Kí ni mo sọ?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Ràmọ́nù jókòó. Èèyàn lè rò pé ìtura ni òótọ́ máa ń mú wá. Kò mú un wá fún ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà. Rọ̀kíbátù, tó gbọ́ gbogbo rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ìrora, ó kọ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ran òun lọ́wọ́. Nígbà tó kọjú sí Adéníran tán, ó rọra sọ̀rọ̀ kí ojú Adéníran lè bá a.

"Ohùn mi tó o ní kí n sọ sílẹ̀. Ṣé torí pé o ò gbọ́ ọ ni?"

Adéníran fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Rọ̀kíbátù ń wò ó. Lẹ́yìn náà, ó gbé ojú sókè sí òrùlé, ó mí sínú, ó sì la ẹnu. Iṣan ọrùn rẹ̀ le. Nọ́ọ̀sì kan sáré wọlé, ó sì dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Ràmọ́nù fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Adéníran dúró síbi tó wà, ó ń wo ẹnu Rọ̀kíbátù tó là sílẹ̀. Kò mọ̀ bóyá orin ni àbí igbe, kò sì sí ẹni tó lè bi.